Ọ̀dùnkún Mẹ́rin Tí Mo Ki Bí Ẹni Ki Àga

Ìṣó mẹ́rìndínlógún ni mo kó sẹ́nu. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo rí kà. Obìnrin tí Tíṣà fẹ́ fi ṣaya sì ti jókòó sí pálọ̀, fọ́ọ̀kì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀, torí ẹni tí kò bá mọ̀ mí lè rò pé alásè ni mí. Èmi ni Làmídì Aláàga. Láti Okokomaiko dé Ajangbadi, bí o bá jókòó sórí àga tí kò gún ẹ nídìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló kọjá níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n fi fọ́ọ̀mù, òwú àti aṣọ sọ igi lásán di ohun tí ọba lè sùn lé. Àga pálọ̀, ìjókòó mọ́tò, àga gíga tí àwọn wòlíì ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, kò sí èyí tí mi ò ṣe rí. Prámárì fọ́ọ̀ ni mo ti kúrò nílé ìwé, mi ò sì tijú rẹ̀. Àwọn tó kàwé dé òkè ló ń ru àga wọn tó ya wá bá mi. Èmi ò ru ìwé kankan lọ bá wọn rí.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Múrí, ọmọ Abẹ́òkúta, ni mo ti kọ́ṣẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà Badagry. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn ò béèrè orúkọ mi. Wọ́n kàn nawọ́ sí mi, ìṣó wẹ́wẹ́ mẹ́wàá wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Kó o sẹ́nu."

Mo ní, "Ọ̀gá, ìṣó?"

Wọ́n ní, "Ṣé ẹran lo rò pé n ó fún ẹ ni?"

Àwa aláàga, ẹnu wa ni àpótí ìṣó wa. Ọwọ́ òsì á fa aṣọ le, ọwọ́ ọ̀tún á di hámà mú. Ọwọ́ wo ló wá kù tí yóò mú ìṣó? Ahọ́n ni. Ahọ́n á máa tì í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ síwájú. Hámà tiwa ní òòfà lórí. Á gba ìṣó lẹ́nu wa, ó di pà lára igi. Ọ̀gá Múrí lè kó ogún ìṣó sẹ́nu kí wọ́n máa bá oníbàárà jiyàn. Wọ́n ń mu ògì lé e lórí, mo fojú mi rí i. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: iye tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n ní bí mo bá gbàgbé orúkọ ìyá mi, kí n má gbàgbé iye ìṣó tó wà lẹ́nu mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò gbé ẹyọ kan mì. Ẹnìkejì mi tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ gbé méjì mì lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Bátìrì ló ń tà ní Alábà báyìí.

Kò pẹ́ tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni Ọ̀gbẹ́ni Adédayọ̀ gbé àga méjì wá bá mi. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì rẹ́ǹtì ilé sí Ìbà. Tíṣà ni mo ń pè é.

Ó ní, "Lẹ́kíṣọ̀ ni mí, Làmídì."

Mo ní, "Ṣé ẹ ń kọ́ èèyàn ní nǹkan?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Tíṣà náà ni."

Ó fẹ́ kí àga méjèèjì délé lọ́jọ́ Sátidé, torí obìnrin kan ń bọ̀ wá bá a jẹun. Orúkọ obìnrin náà ni Àbẹ̀kẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, yàrá iṣẹ́ abẹ ló sì wà ní ọsibítù kan ní Ajangbadi. Ọdún kan ààbọ̀ ni Tíṣà ti fi ń wá a. Obìnrin náà kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó sọ ni pé lọ́jọ́ tí ìyá òun bí òun gan-an, orí ẹní ìkúnlẹ̀ ni ìyá náà ti dìde lọ rokà fún bàbá òun. Ọkùnrin tí kò bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré kí òun jẹ, òun kò ní bá a délé.

Tíṣà kò mọ ọ̀nà kíṣìnnì, ṣùgbọ́n ẹnu yá a. Ó ní òun yóò se ọ̀dùnkún fún un, irú èyí tí òun jẹ nígbà tí òun ń kàwé lókè òkun. Wọ́n á kó inú rẹ̀ jáde, wọ́n á pò ó mọ́ nǹkan aládùn, wọ́n á tún ki í padà sínú èèpo rẹ̀. Wọ́n á tan àbẹ́là sórí tábìlì, ọkùnrin àti obìnrin á máa wojú ara wọn jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó dáa. Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ti jẹun tán, n ó dá yín lóhùn. Bí kò bá sí oúnjẹ, ẹ má wá mi mọ́."

Ọ̀sán Sátidé náà ni mo gbé àga dé. Mo kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, mo bá gba ẹ̀yìn wọ kíṣìnnì. Tíṣà dúró síbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ pọ́n fún ata, ọ̀dùnkún wà nírun rẹ̀. Mẹ́jọ ló rà, mẹ́rin ti bẹ́. Ó gbẹ́ inú wọn títí èèpo fi fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó rọ sàdíìnì sí i, ó wá jù wọ́n sínú omi híhó. Inú ìkòkò náà dà bí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti rì.

"Làmídì, mo gbé."

"Tíṣà, ta ló kú?"

"Èmi ni. Aago mélòó ló lù?"

"Méjì ti kọjá."

Ó fẹ́ jókòó sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Mo gbá a mú lápá. Ẹni tó bá fẹ́ kú, kó kú nílẹ̀, kó má fi ọ̀dùnkún pa aṣọ mi tuntun.

Mo wo inú ìkòkò, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tíṣà, oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro yín. Kíkì ni. Ẹ ki í jù, ẹ ò rán an, ẹ ò sì fi nǹkan kan dì í mú. Àga tí mo bá ṣe báyìí, ọjọ́ tí èèyàn bá jókòó lé e ni ikùn rẹ̀ á tú."

"Ọ̀dùnkún kì í ṣe àga, Làmídì."

"Kí ló fi yàtọ̀? Awọ wà níta, nǹkan rírọ̀ wà nínú, èèyàn ló ń gbádùn rẹ̀."

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó ní kí n ṣe é, ṣùgbọ́n kí n gba ẹ̀yìn lọ kí Nọ́ọ̀sì tó dé, torí òun gbọ́dọ̀ sọ pé òun lòun sè é.

Kò ní ààrò, sítóòfù oníkẹrosíìnì ló ní. Mo ní kó lọ bu iyanrìn mímọ́ wá. Bí àwọn obìnrin tó ń ṣe kéèkì nílé ṣe ń ṣe é nìyẹn láyé ìgbà náà: wọ́n á da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá, wọ́n á mú un gbóná dáadáa, wọ́n á gbé abọ́ pẹrẹsẹ lé e, wọ́n á dé e, ààrò dé. Mo bọ ọ̀dùnkún mẹ́rin tó kù tèèpotèèpo, mi ò jẹ́ kó rọ̀ jù. Mo la ẹ̀gbẹ́ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni la ìdí tìmùtìmù, mo fi ṣíbí kó inú rẹ̀, mo sì fi díẹ̀ sílẹ̀ lára èèpo kó lè rí nǹkan gbára lé. Tíṣà ló gún èyí tí mo kó jáde pọ̀ mọ́ sàdíìnì, àlùbọ́sà, ata rodo àti bọ́tà. Mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n ní mo gba iṣẹ́ oníṣẹ́: òun ló gún un.

Èmi ni mo ki í. Igun la ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, igun á ṣófo, àga náà á máa fi ẹ̀gbẹ́ kan rẹ́rìn-ín sí onílé. Lẹ́yìn náà ni mo mú ìṣó. Mo ti bọ gbogbo wọn nínú omi híhó, mo sì fọ ẹnu mi lẹ́ẹ̀mejì, torí èmi kì í ṣe ọ̀bùn. Bí a bá fẹ́ rán ojú àga pọ̀, ìṣó la kọ́kọ́ ń fi dì í mú. Bí a bá rán an tán, a ó fà wọ́n yọ. Mo kó mẹ́rìndínlógún sẹ́nu, mẹ́rin fún ọ̀dùnkún kọ̀ọ̀kan. Mo fi wọ́n di èèpo mú, mo mú abẹ́rẹ́ wa tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, mo fi òwú funfun tuntun rán an, ìránpamọ́ tí ojú rẹ̀ kì í hàn, mo sì fa ìṣó yọ. Mo fi ìdí òwú sílẹ̀ níta kí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lè fà á tú. Mo wá tẹ ẹ̀pà kan bọ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà ní, "Kí ni ẹ̀pà ń ṣe níbẹ̀?"

"Bọ́tìnnì ni."

"Ta ló ní kó ní bọ́tìnnì?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí inú rẹ̀ máa rìn káàkiri ni?"

Nígbà tí wọ́n jáde láti orí iyanrìn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sínú abọ́ bí àga pálọ̀ olówó. Lẹ́yìn náà ni Nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn iwájú, Tíṣà tì mí síhà ẹ̀yìn, ó gbé abọ́, ó sáré wọ pálọ̀.

Mi ò lọ. Ta ni yóò ṣe irú iṣẹ́ yẹn tí kò ní dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nípa rẹ̀? Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mò ń kó irinṣẹ́ mi jọ jẹ́jẹ́.

Mo gbọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì. "Bọ̀dá Dáyọ̀, ẹ̀yin lẹ sè é?"

"Èmi ni."

"Ta ló rán an?"

Tíṣà wúkọ́. "Èmi náà ni."

Inú mi hó ju sítóòfù lọ. Kí inú náà lè rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣó tí mo dà sínú ìdérí agolo mílíìkì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo tún un kà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni. Mo wo ilẹ̀, mo gbọn ẹ̀wù mi, mo yí àpò irinṣẹ́ dànù. Kò sí. Mo mú ṣíbí, mo fi lu ìdérí ìkòkò kí Tíṣà lè gbọ́. Ó wọlé tòun ti ìbínú.

"Ìwọ ò tíì lọ?"

"Tíṣà, ìṣó kan ò jáde."

"Ìṣó wo?"

"Ti inú ọ̀dùnkún."

"Èwo nínú wọn?"

"Bí mo bá mọ èwo, ṣé n ó pè yín?"

Ó yí padà, ó lọ. Mo fi ojú kan wo inú pálọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ti fa òwú tú, ó ti gbé fọ́ọ̀kì dé ẹnu. Tíṣà gba fọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ohun tó wà lórí rẹ̀ sẹ́nu ara rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ìfẹ́ ni. Tíṣà ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Ó fa abọ́ obìnrin náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó jẹ ìyókù. Ó mú ìkejì.

"Ṣé ebi ń pa yín ni?"

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

Ó mú ìkẹta. Òógùn ń já bọ́ sínú àbẹ́là. Nígbà tó na ọwọ́ sí ìkẹrin, Nọ́ọ̀sì dìde, ó mú báàgì rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá mi tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, ó máa ń ṣẹ́ egungun kù fún ìyá mi. Ẹ̀yin pè mí wá jẹun, ẹ wá ń jẹun lójú mi. Ó dàbọ̀. Ẹ má wá mi mọ́."

Tíṣà fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kún, ẹ̀rù sì ń bà á láti gbé e mì láìtíì fi ahọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kàn ń juwọ́ bí ẹni tó ń rì sódò. Nọ́ọ̀sì ti di ilẹ̀kùn mú. Ọdún kan ààbọ̀ ti fẹ́ bá ẹnu ọ̀nà jáde. Mo bẹ́ síta.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ má lọ! Ìṣó ló ń wá!"

Ó fò sókè. "Ta nìyí?"

"Làmídì Aláàga, láti Okokomaiko. Èmi ni mo ki ọ̀dùnkún yẹn, èmi ni mo rán an. Tíṣà kàn gún un ni. Ìṣó mi kan wà nínú ẹ̀. Kó má bàa gún yín lọ́fun ló ṣe ń jẹ gbogbo ẹ̀."

Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà sí ojú ibi iṣẹ́.

"Mélòó ló wọlé?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Mélòó ló jáde?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ìgbà wo lo kà á?"

"Lẹ́yìn tí oúnjẹ dé iwájú yín."

Ó ní, "Níbi iṣẹ́ tiwa, a kì í pa ikùn aláìsàn dé tí iye tá a kà kò bá pé. Ìwọ pa á dé, o tún gbé e fún èèyàn jẹ."

Mo gbé ìdérí agolo mílíìkì náà wá, mo tún ìṣó kà lójú rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni.

Ó ní kí Tíṣà tu tẹnu rẹ̀ sínú abọ́. Ó fi ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là wo ọ̀fun rẹ̀. Ó la ẹ̀yìn ìkẹrin láìfọwọ́ kan ojú rírán rẹ̀, ó fi fọ́ọ̀kì tú inú rẹ̀ ká, kò rí nǹkan. Mo ní òòfà orí hámà mi yóò rí i. Mo gbé e kọjá lórí abọ́ méjèèjì, kò gbé nǹkan. Mo ní kí Tíṣà ká ẹ̀wù sókè.

Nọ́ọ̀sì ní, "Òòfà yẹn ò lè rí inú ikùn."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò mọ hámà yìí."

Bí a ṣe wà nìyẹn: olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga na gbalaja sórí àga tuntun tó fi ń retí ìyàwó, ikùn rẹ̀ síta, mò ń gbé hámà lọ gbé e bọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni ń lọ aṣọ. Òógùn bò mí. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, hámà ṣì wà lọ́wọ́ náà. Bó ṣe súnmọ́ ojú mi, nǹkan kan mì nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Mo dúró gbagidi.

Nọ́ọ̀sì wò mí. "Ìwọ, ya ẹnu ẹ."

Mo mi orí.

"Mo ní ya ẹnu!"

Mo yà á. Ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́, ó fa ìṣó náà yọ láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín mi, ó sì fi í hàn wá. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí pé ọ̀dùnkún kẹrin kúrú, ìṣó mẹ́ta ni mo lò fún un. Ìkẹrin tí mi ò lò kò kúrò lẹ́nu mi. Ẹnu tó ti gbé ìṣó fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í mọ̀ ọ́n mọ́, bí ẹ ò ṣe mọ̀ pé ẹ̀ ń gbé eyín.

Tíṣà dìde jókòó. "Làmídì, n ó pa ẹ́."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ dà ná."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Tíṣà ló kọjú sí. "Ẹ rò pé ìṣó wà níbẹ̀, ẹ sì jẹ mẹ́ta?"

"Mi ò lè wò ọ́ kó o jẹ ẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú ló tì mí. Mo ti sọ pé èmi ni mo sè é."

"Ẹ lè fi ọ̀fun yín wá ìṣó, ẹ ò lè fi ẹnu yín sọ òótọ́." Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "Ebi ń pa mí, Bọ̀dá Dáyọ̀. Nínú ayé yín, kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe tí kò ní aláàga nínú?"

Tíṣà rò ó. "Ẹ̀bà."

"Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ wá."

Ó wọ kíṣìnnì, èmi ò tẹ̀ lé e. Ẹ̀bà tó gbé jáde ní kókó, apá kan le, apá kan ń ṣàn. Kò sí ọbẹ̀, Nọ́ọ̀sì fi inú ọ̀dùnkún kẹrin jẹ ẹ́. Kò ṣẹ́ òkèlè kankan kù. Ó fọ ọwọ́, ó nu ẹnu, ó ní, "Ó burú gan-an. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n wá rí bàbá mi."

Tíṣà dọ̀bálẹ̀. Ṣé èmi ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àbí Nọ́ọ̀sì, mi ò mọ̀. Mo dáhùn pé kó dìde.

Mo ti kọ́ ọmọ mẹ́tàdínlógún níṣẹ́ láti ìgbà náà, gbogbo wọn ló ń ka ìṣó sókè kí wọ́n tó pa ojú àga dé, torí ẹnu obìnrin yẹn ni òfin náà ti wọ̀ mí lára ju ti Ọ̀gá Múrí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe kó tó lọ lọ́jọ́ náà. Ó mú èèpo ọ̀dùnkún kẹrin, ó gbé ojú rírán rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo sọ fún un. Ó ní dókítà kan wà níbi iṣẹ́ òun tí òun fẹ́ kó rí i. Ó fi bébà wé e, ó kó o sínú báàgì.

Àwọn aláàga pọ̀ ní Ọ̀jọ́. Wọ́n lè fi àga tí wọ́n ṣe fún baálẹ̀ yangàn, wọ́n lè fi ti bíṣọ́ọ̀bù yangàn. Kí wọ́n sọ èyí tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ fún mi, kí àwọn dókítà yí i ká bí wọ́n ṣe yí ọ̀dùnkún mi ká lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n máa béèrè ẹni tó rán an.